Ọwọ́ Kò Yí Padà: Ìtàn Ewé, Ìgò àti Ọ̀rá ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, àkìtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, kò sì sí ẹni tí ó jiyàn rẹ̀, nítorí pé ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni wọ́n fi pa á. Ohunkóhun tí a bá gbé dé orí àkìtàn, ìbáà ṣe èèpo iṣu, ìbáà ṣe eérú, ìbáà ṣe ewé tí a fi dì ẹ̀kọ, àkìtàn a gbà á, òjò a rọ̀ sí i, ilẹ̀ a sì jẹ ẹ́. Kí ọdún tó yí po, ó ti di ilẹ̀dú. Ṣùgbọ́n ní ayé tiwa yìí, ohun kan ti dé tí àkìtàn ń kọ̀. Bí a bá dà á síbẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé e padà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀, ọkọ́ a tún hú u jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a ó sì tún lè ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ohun náà ni ọ̀rá àti ike.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ìdí tí n ó fi máa ṣe àpèjúwe ohun tí gbogbo wa ń fi ojú rí. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí ó wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ kọjá lẹ́yìn òjò ńlá kan. Ẹ wo pápá tí wọ́n ti ṣe ayẹyẹ ìgbaniwọlé, nígbà tí àwọn òbí bá ti lọ tán. Ọ̀rá omi tí a ti mu tán ni, abọ́ tí a ti jẹ oúnjẹ inú rẹ̀ ni, ìgò ike ni. Nígbàkígbà tí a bá sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé, ẹ̀sùn kan náà ni a máa ń gbọ́. Wọ́n á ní ọ̀bùn ni wá. Wọ́n á ní àwọn baba wa mọ́ tónítóní, àwa ọmọ ìsinsìnyí ni a ti bàjẹ́.

Ẹ̀sùn yìí ni mo fẹ́ kí a fi ìtàn yẹ̀ wò. Èmi kò gbà pé òótọ́ ni. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ni pé ọwọ́ tí ó ń sọ ewé nù láyé àtijọ́ náà ni ó ń sọ ọ̀rá nù lónìí. Ọwọ́ kò yí padà. Ohun tí ó wà nínú ọwọ́ ni ó yí padà. Bí oníṣègùn bá sì ṣi àrùn mọ̀, oògùn tí yóò fún aláìsàn kò lè jẹ́. Ó ti tó ogójì ọdún tí a ti ń fi ìbáwí wo àrùn yìí, kò sì san.

AYÉ EWÉ

Kí ike tó dé, ewé ni àpò ọjà. Ewé gbódògì àti ewé eéran ni a fi ń dì mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ewé ni a fi ń bo obì nínú agbọ̀n kí ó má baà gbẹ. Alápatà a fi ewé dì ẹran, ìyá oníyán a fi ewé dì iyán fún ẹni tí ó ń lọ sí oko, ìyá olírú a fi ewé pọ́n irú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú pàápàá, inú ewé ni ó ń wà, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó gbin igi tíìkì sí àwọn igbó ọba, kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi rí i pé ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì yi, wọ́n bá sọ òun náà di ewé ìdìjà. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ ewé. Àwọn kan ń wọ igbó lọ já a, àwọn kan ń dì í ní ìdì ìdì wá sí ìlú, àwọn kan ń tà á lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti inú owó ewé lọ sí ilé-ìwé.

Ní ti omi, àmù ni ó ń gbé inú ilé, igbá ni a fi ń bù ú mu. Ẹni tí ó ń lọ sí oko a gbé akèrègbè tirẹ̀ dání. Igbá tí ó bá sán, wọ́n a fi okùn rán an. Èyí tí kò bá ṣeé rán mọ́, wọ́n a fi bu oúnjẹ fún adìẹ. Kò sí ẹni tí ó ń ra ohun ìmumi ní àràárọ̀ kí ó sì sọ ọ́ nù ní ọ̀sán.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè kan. Nígbà tí ọkùnrin kan bá ra ẹ̀kọ ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó tú u, tí ó jẹ ẹ́ tán, níbo ni ó ń fi ewé rẹ̀ sí? Ibi tí ó dúró sí náà ni ó ń sọ ọ́ sí! Kò wá agbọ̀n ìdalẹ̀nù kiri, nítorí pé kò sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀bùn. Ewúrẹ́ tí ó wà nítòsí ti ń wo ẹnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ewé ti ń bọ́ sílẹ̀ ni ewúrẹ́ ń gbé e. Èyí tí ewúrẹ́ bá fi sílẹ̀, àwọn ọmọdé a gbá a ní òwúrọ̀, wọ́n a kó o lọ sí àkìtàn lẹ́yìn ilé. Lórí àkìtàn yẹn kan náà ni tẹ̀tẹ̀ ń hù sí, tí tòmátì àti ẹ̀gẹ́ ń hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, tí ìyàwó ilé a sì lọ já ẹ̀fọ́ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. N kò wí pé ayé ewé kò ní ìdọ̀tí. Sòbìà wà nínú adágún omi, ṣọ̀pọ̀nná ń jà, eku ń yí inú àkìtàn po. Ní ọdún 1924, àrùn burúkú kan tí eku ń gbé kiri wọ ìlú Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ayé náà ní ètò tirẹ̀, ètò náà kò sì gbé ara lé ìwà mímọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ara lé irú ohun tí wọ́n ń lò. Nígbà tí ó jẹ́ pé gbogbo ohun tí ọwọ́ ń sọ nù ni ilẹ̀ lè jẹ, ọwọ́ kò ní ohun tí yóò kọ́.

WOLÉ-WOLÉ ÀTI AYÉ ÌGÒ

Nígbà tí Sir William MacGregor jẹ́ gómìnà Èkó, láti ọdún 1899 títí di 1904, ó gbógun ti ẹ̀fọn àti ibà, nítorí pé oníṣègùn ni òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn wolé-wolé wá gbilẹ̀ ní gbogbo ìlú wa. Àwọn àgbà tí ó bá wọn láyé kò lè gbàgbé wọn. Wolé-wolé a wọ inú ilé, a wo ẹ̀yìnkùlé, a yọjú sí inú àmù. Bí ó bá rí tanwíjí nínú omi, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti dúró ní ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ nítorí àmù kan ṣoṣo.

Wolé-wolé ṣe rere, kò sì yẹ kí a fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí kò tíì kúrò lára wa títí di òní. Ó kọ́ wa pé ìmọ́tótó ni kí ìdọ̀tí kúrò níbi tí ojú aláṣẹ lè dé. Ibi tí ó bá lọ lẹ́yìn náà kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà ewé, ẹ̀kọ́ yìí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí ọ̀rá dé ni a tó rí oró rẹ̀.

Ní àkókò wolé-wolé yìí náà ni ọjà òyìnbó ń wọlé nínú páànù, nínú bébà àti nínú ìgò. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ọjà òyìnbó ìgbà náà kò di ìdọ̀tí. Garawa tí epo kẹrosíìnì bá wá nínú rẹ̀ di ohun ìpọnmi. Agolo mílíìkì di òṣùwọ̀n ìrẹsì àti gààrí, àwọn oníṣẹ́ páànù sì ń fi òmíràn ṣe fìtílà. Ìwé ìròyìn tí ọ̀gá bá ti kà tán di ohun ìdìkàrà. Ìwé àpò sìmẹ́ńtì di ohun ìdìyọ̀. Ìgò ni ó wá jẹ́ ọba wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí bíà ní Èkó ní ọdún 1949, àti nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola níbẹ̀ ní ọdún 1953, inú ìgò tí ń padà sí ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra nǹkan mímu yóò gbé ìgò òfìfo lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fi owó ìgò sílẹ̀. Èyíkéyìí nínú wa tí wọ́n bá ti rán níṣẹ́ ra mínírà fún àlejò rí, tí ó sì fọ́ ìgò lójú ọ̀nà, yóò rántí bí àyà rẹ̀ ti já.

Ọwọ́ kan náà nìyí o! Ọwọ́ tí ó sọ ewé ẹ̀kọ sílẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn ni ó ń fi ìṣọ́ra gbé ìgò padà sí ìsọ̀. Kò sí ẹni tí ó wàásù fún un. Kò sí wolé-wolé tí ó dúró tì í. Owó tí ó wà lórí ìgò ni ó kọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé a kò lè kọ́ ènìyàn wa láti dá ohun tí ó lò padà, ìtàn ń já a nírọ́. A ti mọ̀ ọ́n ṣe rí.

IBI TÍ IKE TI WÁ

Ní ọdún 1907, Leo Baekeland, ọmọ Belgium tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe ike kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Bakelite. Ike náà le bí òkúta, wọ́n sì fi ń ṣe ara rédíò àti tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ó dà wá láàmú kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1933, ní Northwich ní Ìlú Ọba, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ń fi agbára ńlá tẹ gáàsì kan nínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n rí ohun funfun kan bí ìda ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọn kò wá a. Òun ni ó wá wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi í bo wáyà ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọ̀tá. Ní ọdún 1953, Karl Ziegler ní Jámánì rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é láìlo agbára púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì di ohun olówó pọ́ọ́kú. Ní ọdún 1965, ilé-iṣẹ́ Celloplast ní orílẹ̀-èdè Sweden gba ìwé àṣẹ lórí àpò ọ̀rá aláfàgbé méjì tí Sten Gustaf Thulin ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ ọkùnrin yìí ti jẹ́rìí pé baba òun máa ń ká ọ̀rá kan sínú àpò aṣọ rẹ̀, tí ó sì ń lò ó lálòtúnlò. Ẹni tí ó ṣe ọ̀rá kò ṣe é pé kí a lò ó lẹ́ẹ̀kan kí a sì jù ú nù.

Kí ni ìdí tí ilẹ̀ kò fi lè jẹ ẹ́? Ohun tí ọ̀rá jẹ́ ni àwọn ègé kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí a so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn gígùn. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ mọ ewé, wọ́n mọ igi, wọ́n mọ egungun. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n okùn ìlẹ̀kẹ̀ yìí ṣàjèjì sí wọn, wọn kò ní eyín tí wọ́n lè fi gé e. Oòrùn lè pá a lára, ó lè já sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ọ̀rá, ọ̀rá náà ni. Bí a bá sì dáná sun ún, èéfín rẹ̀ ní oró, inú ẹ̀dọ̀fóró wa ni ó ń gbà lọ.

ILẸ̀KÙN MÉJÌ TÍ Ọ̀RÁ GBÀ WỌLÉ

Àlejò kì í déédéé wọ inú ilé tí a bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi rí ilẹ̀kùn méjì tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀rá láàárín wa, pàápàá jù lọ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́.

Ilẹ̀kùn kìn-ín-ní ni ilẹ̀kùn omi. Omi ẹ̀rọ ti Ìjú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn dé Èkó ní ọdún 1915. Ní Ìbàdàn, wọ́n dí odò Ọ̀nà ní Eléyẹlé ní ọdún 1942, omi ẹ̀rọ sì ń ṣàn ní ojú títì. Ṣùgbọ́n ìlú ń dàgbà, páìpù kò dàgbà. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ojú títì ti gbẹ. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kiri omi tútù nínú kúlà, ife kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn sì fi ń mu ún. Láti inú ife, omi bọ́ sínú ọ̀rá tí a fi ọwọ́ so lẹ́nu. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni ẹ̀rọ tí ń fi iná lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀ gbilẹ̀, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe omi náà ní píọ́ wọ́tà. Àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ń fún àwọn tí ń rọ ọ́ ní nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: píọ́ wọ́tà gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ó sàn fíìfíì ju ife kan fún ogójì ẹnu lọ. Ẹni tí ó ń mu ún kì í ṣe ọ̀bùn. Òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè tẹnu bọ̀. Gbogbo ọ̀rá omi tí ó wà nínú gọ́tà wa jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀rọ kan tí kò yọ omi.

Ilẹ̀kùn kejì ni ilẹ̀kùn àwo oúnjẹ, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, àti ní àwọn yunifásítì tí ó tẹ̀lé e, yàrá ìjẹun wà ní ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń jẹun, nínú àwo, pẹ̀lú ṣíbí irin. Bí wọ́n bá jẹ tán, wọ́n a fọ àwo, àwo náà ni wọn yóò tún lò lọ́la. Ní ọdún 1978, ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ òòjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní 50 kọ́bọ̀ sí ₦1.50. Gbogbo wa ni a gbọ́ ìtàn rògbòdìyàn tí wọ́n pè ní “Ali Must Go” tí ó tẹ̀lé e, nínú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kú. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun mìíràn yọ ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ pátápátá.

Ìtàn tí a máa ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn owó àti ìtàn ìjà ni. Ìtàn àwo kì í sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yàrá ìjẹun ni akẹ́kọ̀ọ́ ti di ẹni tí ń ra oúnjẹ ní bùkà, tí ń gbé e lọ jẹ ní yàrá tàbí lójú ọ̀nà kíláàsì. Oúnjẹ tí yóò rin ìrìn àjò kò lè ṣàìní ohun tí yóò gbé e. Ohun tí ó kọ́kọ́ gbé e ni ọ̀rá, lẹ́yìn náà ni abọ́ fóòmù funfun tí ó ní ìdérí. Àwo tí a ń fọ̀ di abọ́ tí a ń sọ nù. Kò sí ìpàdé kankan tí a ti pinnu rẹ̀. A kàn bá ara wa níbẹ̀ ni.

OHUN TÍ ODÒ RÍ

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó kú; ilé àti dúkìá tí ó bá a lọ kò lóǹkà. Bí a bá fẹ́ ṣe òdodo, a kò lè di ẹ̀bi ọjọ́ náà lé ọ̀rá lórí, nítorí pé ọ̀rá kò tíì pọ̀ tó báyìí. Ògùnpa ti máa ń kún kí ọ̀rá tó dé. Ilé tí a kọ́ sí bèbè odò, àti ìdọ̀tí onírúurú tí a dà sínú rẹ̀, ni ó dí i lọ́nà. Ẹ̀kọ́ wolé-wolé nìyẹn: bí ìdọ̀tí bá ti kúrò lójú wa, tí ó dé inú odò, ó tán.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Afárá wó, omi sì ba nǹkan jẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú. Ní àkókò yìí, ọ̀rá àti ìgò ike ti kún inú gọ́tà. Ewé tí ó bá dí ojú gọ́tà, omi a rà á, a sì gbé e lọ. Ọ̀rá kì í rà. Ńṣe ni ó ń tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sí ẹnu ihò, yanrìn a jókòó lé e, omi a sì wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ọ̀nà mìíràn yẹn, inú yàrá ẹlòmíràn ni. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tí ó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ dídáàbò bo Ìbàdàn lọ́wọ́ omíyalé. Ẹ̀yáwó ni, àwa àti àwọn ọmọ wa ni yóò san án.

ÒFIN LÓRÍ ÒFIN

A kò ṣaláìsa ipá. Ní oṣù keje ọdún 1985, ìjọba ológun fi ìmọ́tótó àyíká kún ogun tí ó ń bá ìwà àìbìkítà jà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù láti gbálẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe é rí mọ bí ó ti ń lọ: a ó kó ẹrọ̀fọ̀ àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà, a ó kó o jọ sí etí gọ́tà náà, òjò ọjọ́ Wẹ́sìdé a sì gbá a padà sínú rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá fọwọ́ sí àbá òfin tí ó de àpò ọ̀rá, ṣùgbọ́n kò di òfin. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ti ṣáájú wa, nítorí pé orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ṣe òfin lórí ọ̀rá tí kì í jẹrà ní oṣù kejìlá ọdún 2017. Rwanda ti ṣe tirẹ̀ láti ọdún 2008. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde òfin tí ó de abọ́ fóòmù. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2025, ó nasẹ̀ òfin náà dé orí àwọn ike àlòsọnù mìíràn, bí ife, ṣíbí àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Òfin dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí abọ́ fóòmù kúrò nílẹ̀: ọ̀pọ̀ olóúnjẹ gbé abọ́ ike mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ni ìbá ṣe? Oníbàárà rẹ̀ kò gbé àwo wá, kò sì sí ibi tí yóò jókòó sí jẹun. Òfin lé àlejò jáde, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí òfin kò ṣe, tí a kì í sì kí wọn. Àwọn náà ni àwọn tí ń ṣa ìgò ike kiri, tí wọ́n ń tà á ní kílò kílò. Láti ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ Wecyclers ní Èkó ti ń gba irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, tí ó sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn dípò rẹ̀. Ẹ ó kíyè sí i pé ìgò ike a máa tètè kúrò nílẹ̀ ju ọ̀rá omi lọ. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ìgò ní iye lórí, ọ̀rá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Ẹ̀kọ́ ìgò ọdún 1953 náà ni.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé ọwọ́ kò yí padà, a jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ máa nà. Ilẹ̀kùn méjèèjì ni ó yẹ kí a lọ tì.

Èkíní ni omi. Ibi tí omi mímu tí a ti sẹ́ dáadáa bá wà lẹ́bàá ilé ìkàwé, lẹ́bàá gbọ̀ngàn ìdánwò àti ní ilé ibùgbé kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ìgò tirẹ̀ dání bí àgbẹ̀ ti ń gbé akèrègbè. Ẹnìkan yóò ní, àwọn ìyá tí ń ta píọ́ wọ́tà ńkọ́? Ìbéèrè pàtàkì ni, nítorí pé owó omi yẹn ni àwọn ọmọ kan fi wà láàárín wa níhìn-ín. Ìdáhùn mi ni pé àwọn gan-an ni kí a fi ṣe alábòójútó ibi omi náà, kí wọ́n máa ta omi tútù sínú ìgò oníbàárà ní owó tí kò tó ti ọ̀rá. Omi ni wọ́n ń tà, wọn kì í ṣe olùtà ọ̀rá.

Èkejì ni àwo. A kò lè dá ọdún 1978 padà, ìjọba kò sì tún ní bọ́ wa mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí bùkà lọ́wọ́ láti ní àwo, àga àti omi ìfọwo. Kò sì sí ohun tí ó burú bí ẹni tí ó jókòó jẹun bá san owó tí ó dín díẹ̀ sí ti ẹni tí ó gba abọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé oúnjẹ lọ, kí ó gbé kúlà oúnjẹ tirẹ̀ wá, tàbí kí ó fi owó abọ́ sílẹ̀ títí yóò fi dá abọ́ padà, bí a ti ń fi owó ìgò sílẹ̀ láyé àwọn baba wa.

Ẹ̀kẹta kàn ẹgbẹ́ wa yìí gan-an. A ń pe ara wa ní ẹgbẹ́ tí ń gbé àṣà Yorùbá lárugẹ. A ń lu gángan ní àyájọ́ ọdún wa, a ń wọ aṣọ òkè, a ń kéwì, a sì ń fi àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n inú kí ni mọ́ínmọ́ín náà wà? Inú ọ̀rá ni. Kí ni a fi gbé omi fún àwọn olùkọ́ wa lórí pèpéle? Ọ̀rá ni. Mo mọ̀ pé ewé ti wọ́n ju ọ̀rá lọ báyìí, nítorí pé igbó ti jìnnà, àwọn tí ń já ewé kò sì pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwa tí a ń pariwo àṣà kò bá lè ra ewé ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, ta ni a fẹ́ kí ó rà á? Àbá mi ni pé kí ọdún ẹgbẹ́ tí ń bọ̀ yìí jẹ́ ọdún tí a ó ti dá ewé, jọ́ọ̀gì àti ife onígíláàsì padà. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ó wà.

Àwọn baba wa kò sàn jù wá lọ. Ayé wọn ni ó fi ohun tí ilẹ̀ lè jẹ sí wọn lọ́wọ́. Ayé tiwa fi èyí tí ilẹ̀ kò lè jẹ sí wa lọ́wọ́, ó sì di dandan kí a fi ọgbọ́n ṣe ohun tí ewúrẹ́ àti òjò ń bá wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó bá da ọ̀rá síwájú, ẹ̀yin ará, omi ni yóò wá bá a nínú yàrá.